Ọjọ́ Kẹta Òní

"Ìpàdé wo, mà? Ṣebí àná ni wọ́n ṣe é."

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń wo bàtà tuntun tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀ bí ẹni pé àánú bàtà náà ló ń ṣe é. Obìnrin náà gbójú sókè wo fèrèsé yàrá ìpàdé. Wọ́n ti to àwọn àga léra wọn.

"Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé. Òní ni Ọjọ́bọ̀."

"Ọjọ́rú ni o, mà. Igbákejì yín gan-an wá. Òun ló jáde kẹ́yìn. Ó tiẹ̀ ń súfèé."

Inú ọkọ̀ rẹ̀ ló ti pe alága ìgbìmọ̀. Àgbàlagbà ni, kì í kánjú sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, a retí rẹ títí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Lẹ́tà tí àwọn olùkọ́ kọ nípa rẹ, ta ló yẹ kó dá a lóhùn? Igbákejì rẹ ni yóò máa ṣe ọ̀gá láti sáà tó ń bọ̀."

"Bàbá, wọ́n ṣi ọjọ́ sọ fún mi ni."

"Èmi fúnra mi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́ fún akọ̀wé rẹ. Bí o bá ṣì ní ọ̀rọ̀ sọ, a ó tún jókòó ní ọjọ́ karùn-ún òní. Bó bá sì jẹ́ pé o fẹ́ rọra kọ̀wé fipò sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí."

Obìnrin náà ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ọdún méjìlá ló fi kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ìṣirò. Nígbà tí ẹlòmíràn fi orúkọ ara rẹ̀ sórí ìwádìí tó ṣe, kò bá onítọ̀hún jà, ó kọ lẹ́tà, ó sì lọ. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ló gbà á. Ó di ọ̀gá níbẹ̀, títí di ọjọ́ tó gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan, tí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Kò dúró gbọ́ ìyókù. Bó ṣe dé ilé-ẹ̀kọ́ girama yìí nìyẹn, ọdún kẹta rèé, tòun ti fèrè ilé-iṣẹ́ tó fi rọ́pò agogo, àti ìwé tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí aago méje àárọ̀ tó lù. Àwọn olùkọ́ sọ ọ́ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlọ́ṣẹ. Wọ́n ní ó fẹ́ fọ àwọn títí àwọ̀ àwọn á fi ṣí.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Nígbà tó wọ ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo ẹni tó kí i ló ń fura sí. Kí ló dé tí olùkọ́ eré ìdárayá fi tẹrí ba tó bẹ́ẹ̀ yẹn? Kí ló ń pa àwọn méjì yẹn lẹ́rìn-ín? Ọ̀dọ̀ akọ̀wé rẹ̀ ló kọrí sí tààrà.

"Ta ló rán ọ?"

"Sí ibo, mà?"

"Ta ló ní kó o ṣi ọjọ́ ìpàdé fún mi?"

Ọmọbìnrin náà fà sẹ́yìn. Ó fa ìwé tó máa ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n bá jẹ́ sí yọ, ó ṣí i sí ọjọ́ Ajé. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ rekete: *Alága pè. Ìpàdé di ọjọ́ kẹta òní, aago mẹ́wàá.* Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi bírò pupa kọ *Ọjọ́bọ̀* sí.

Bírò pupa. Òun nìkan ló ń lò ó nínú ọ́fíìsì yìí. Ìkọ̀wé rẹ̀ ni.

Ó jókòó sórí àga àlejò. "Ajé ni wọ́n pè. Ọ̀la ẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kìíní, ọ̀túnla ọjọ́ kejì..."

"Mà, àwọn àgbà máa ń ka òní mọ́ ọn," akọ̀wé sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Bíi ti ìjẹta. Òní, àná, ìjẹta. Ó di mẹ́ta."

Òun tó kọ́ odindi ọmọ yunifásítì ní ìṣirò, orí òdo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ kọ ọ́ tán, ẹ pa ìwé dé, mi ò ṣí i wò mọ́. Igbákejì ló wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó wò ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Má bínú sí mi," ọ̀gá wí, ó sì dìde.

Inú ọ́fíìsì rẹ̀ ló ti bá igbákejì. Ó dúró síbi fèrèsé, ó ń fi ìka wọn aṣọ ojú fèrèsé náà.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Oòrùn ibí yìí ti pọ̀ jù. Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dùn mí gan-an ni." Ó na ọwọ́ sí orí tábìlì. Ó ti tẹ́ abala ìwé funfun kan síbẹ̀, ó fi bírò lé e. "Mo ní bóyá ẹ máa nílò rẹ̀. Ẹni tó bá tètè dìde, wọn kì í fa àga yọ nídìí rẹ̀."

"O rí Ọjọ́bọ̀ nínú ìwé akọ̀wé."

"Mo rí i, mà."

"O sì mọ̀ pé Ọjọ́rú ni."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò! Ta ni mo jẹ́ tí mo máa kọ́ yín ní òǹkà? Ṣé wọ́n ń fi ìfófòó han ọlọ́ṣẹ ni?"

Ọ̀gá jókòó sídìí tábìlì. Ó mọ gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́tà ìfipòsílẹ̀ sórí, ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti wà lára bírò. Ó wo ìwé funfun náà. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan ṣoṣo tì í padà sọ́dọ̀ ọkùnrin náà.

"Èmi ni mo ṣì í kà. Màá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ìwọ lo rí i tó o dákẹ́. Màá sọ ìyẹn náà."

"Ṣé ẹ rò pé wọ́n á gbà yín gbọ́, mà?"

"Mi ò mọ̀." Ó na àtàǹpàkò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òní. "Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé. Ọjọ́ Ajé ni ìpàdé. Fi aṣọ ojú fèrèsé mi sílẹ̀. Mi ò kọ lẹ́tà kankan, mi ò sì lọ síbì kankan."