Ẹṣin Tó Ń Gbààwẹ̀ ní Ajah

Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé ẹṣin ń gbààwẹ̀? Ní Ajah, lọ́dún tí wọ́n ń la ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, Yẹ̀kínì Odùbánjọ ní tòun ń gbà á. Àlùbáríkà lorúkọ ẹṣin náà. Bàbá Yẹ̀kínì tó ti dolóògbé ló fi í sílẹ̀ fún un, òun ni wọ́n sì máa ń gùn lọ sí Yídì lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀. Yẹ̀kínì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyinjú. Bí oṣù ààwẹ̀ ti lé, ó ní ẹran ilé mùsùlùmí kò gbọdọ̀ máa jẹun lójú àwọn tébi ń pa. Ó so ó mọ́ òpó látàárọ̀ dalẹ́, kò sí koríko níwájú rẹ̀. Àmọ́ ní sààrì àti ìṣínu, ọkà bàbà kún igbá rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Ó rò pé òun ń kẹ́ ẹ ni.

Kí ààwẹ̀ tó dá sí méjì, Àlùbáríkà ti rù. Ó ń gé òpó jẹ, ó ń payín keke, ó sì ń bojú wo ìhà ara rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ń ta níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ ọkà bàbà tó sì dùbúlẹ̀, ẹ̀rù ba Yẹ̀kínì gidigidi.

"Yéè! Ẹṣin Bàbá ò gbọdọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ o!"

Ó sáré lọ pe Gàníyù, dókítà ẹran. Gàníyù tẹ ẹṣin náà nínú, ó béèrè ohun tó ń jẹ. Nígbà tí Yẹ̀kínì ṣàlàyé tán, ọkùnrin náà gbá orí mú.

"Ọ̀gá, ta ló pe ẹṣin mọ́ ààwẹ̀? Tọ̀sán-tòru ni omi kíkan ń sun nínú ẹṣin, ì báà jẹun, ì báà má jẹ. Koríko tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀, àti itọ́ tó ń gbé mì pẹ̀lú ẹ̀, ló ń pẹ̀tù sí omi yẹn. Ẹ wá fi inú ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, omi ọ̀hún ń jẹ ẹran ara ẹ̀. Ọgbẹ́ ti wà níbẹ̀. Ọkà bàbà tẹ́ ẹ̀ ń dà lé e, ṣe ló ń dá kún un. Ẹ dín in kù. Kí koríko máa wà níwájú ẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ fi ewé ẹ̀pà gbígbẹ sí i."

Sìmbíátù, ìyàwó Yẹ̀kínì, tó ń gbé omi bọ̀ fún ẹṣin, dúró sójú kan.

"Bó ṣe ń ta èmi náà nínú nìyẹn, Bàbá Rùkáyàt," ó ní. Kò pariwo. "Tọ́sàn-án bá ti pọ́n, bí iná ni. Ààfáà ní kí n má gbà á mọ́, kí n máa bọ́ tálákà dípò ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní obìnrin tí ò gbààwẹ̀ á dójú tì yín ládùúgbò."

Yẹ̀kínì wo ìhà ẹṣin, ó wo ọrùn ìyàwó rẹ̀. Eegun ti yọ níbẹ̀. Ẹṣin rù, ó rí i. Sìmbíátù rù, kò rí i. Háà, Yẹ̀kínì! Ojú tì í.

Ó mú àdá, ó lọ sétí ọ̀sà, ó ru koríko tútù bọ̀. Àlùbáríkà gbórí, ó fà á jẹ díẹ̀, ó tún fà á. Yẹ̀kínì fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wọ ilé ìdáná, ó po ẹ̀kọ gbígbóná fúnra rẹ̀, ó sì gbé e jáde sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí aládùúgbò ti lè rí i. Oòrùn ṣì wà lókè, ebi sì ń pa òun náà.

"Ìyá Rùkáyàt, jọ̀wọ́," ó ní, "jókòó síbí, kó o mu ún lójú mi."