Ọ̀rá Ara Páàdì Jacob

Nígbà ìjọba ológun, tí ọjà òkèèrè wọ́n bí ojú, ohun tí èèyàn bá ní ló ń kẹ́. Ìdí nìyí tí Jacob onílé gémù, lọ́nà Sẹ́kọ́nà l'Ẹ́dẹ, fi fi ọ̀rá wé páàdì tí wọ́n fi ń ta gémù rẹ̀, tó fi rọ́bà dè é pinpin bí ẹni di mọ́ínmọ́ín. Páàdì tuntun kò sí l'Ékòó mọ́. Ọwọ́ olóòógùn kò gbọdọ̀ kan èyí tó kù.

Fàsílátù onídìrí ni ọ̀rá náà ń ni lára. Ìka rẹ̀ kì í ṣìnà lórí, bí irun ti wù kó kún tó. Síbẹ̀, ọ̀gbun kan wà nínú gémù náà tí ọkùnrin kékeré inú tẹlifíṣọ̀n kì í fò kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò tẹ bọ́tìnì, ọkùnrin náà yóò kọ́kọ́ rò ó wò ná; kó tó fò, ilẹ̀ ti tán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bùọ̀dá Jacob, ọ̀rá yín yìí ló ń tì mí sí kòtò."

"Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n jó ló ń ní ilẹ̀ ò tẹ́jú. O ń tẹ páàdì mi bí ẹni ń gúnyán!"

"Mò ń wá bọ́tìnì lábẹ́ ọ̀rá ni. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ wò ó."

"Bí mo bá tú u, tóo tún ṣubú ńkọ́?"

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fọwọ́ kàn án mọ́ títí di Iléyá."

Ọ̀rọ̀ bọ́ tán kó tó rántí pé Iléyá jìnnà, àti pé kò ní ibòmíràn tó ti ń sinmi ìdìrí.

Jacob tú ọ̀rá. Fàsílátù sáré dé ọ̀dọ̀ ọ̀gbun, ó tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà fò lójú ẹsẹ̀, ó já sínú kòtò gbì!

Jacob bú sẹ́rìn-ín, ó nawọ́. "Mú un wá."

Fàsílátù ò jiyàn. "Mo tètè tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rá ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo ní kó fò náà ló fò. Tèmi ni ìṣubú yìí." Ó gbé páàdì lé e lọ́wọ́.

Jacob kàn fẹ́ dán an wò ni. Ó tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ọkùnrin náà fò díẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ó lọ sókè réré. Ó dà bí ẹni tó ti gbéyàwó tipẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀. Ó jókòó. Ọkùnrin náà ṣubú sí ọ̀gbun, ó tún ṣubú.

"Fàsílátù, ibo gan-an lèèyàn ti ń fò?"

"Etí ọ̀gbun pátápátá, níbi tí ọkàn yín bá ti ń sọ pé ó ti pẹ́ jù. Ǹ bá fi hàn yín, àmọ́ Iléyá ò tí ì dé."

"Ẹlẹ́nu ṣámúṣámú! Gbà." Jacob ti páàdì sí i lọ́wọ́, ní ìhòòhò bó ṣe wà.

Fàsílátù nu òógùn ọwọ́ sára ìró. Ó sáré, ó ní sùúrù dé etí, ó tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kékeré náà balẹ̀ sí òdìkejì, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Jacob he ọ̀rá nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi bo rédíò rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n.