Kíráńkì Àna Mi

Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ mẹkáníìkì kò nílò ẹ̀kọ́ ilé, kí onítọ̀hún gbìyànjú kó tún mọ́tò àna rẹ̀ ṣe. Èmi ṣe é rí. Ṣakí ni, nínú ọgbà mi lẹ́yìn ọjà, ní ọdún tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú.

Mò ń fẹ́ Fàtímọ̀ sọ́nà nígbà náà. Àwọn òbí rẹ̀ ti gba ìdána, yìgì ló kù. Àmúdà lorúkọ bàbá rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ni lọ́rì tó ń kó iṣu àti àwọn oníṣòwò lọ sí ọjà Ìgànná, àwọn fúnra wọn náà ni wọ́n ń wà á. Ẹ mọ bí àna ṣe rí nílẹ̀ wa. Mo ń dọ̀bálẹ̀ kí n tó kí wọn, mo ń dọ̀bálẹ̀ kí n tó dáhùn. Bí wọ́n bá ní òjò kò rọ̀ nígbà tí omi ń kán sí wa lórí, ohun tí ẹnu mi mọ̀ ni "bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." A kì í já àna ní koro.

Nígbà tí lọ́rì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, tó ń mu ọ́ìlì ju epo lọ, mo tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀. Mo fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀, mo tò wọ́n sórí àpò, mo sì ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ojú kò bá rí, èékánná á rí i. Mo ń fi èékánná wọ́ ara irin, ibi tó bá ti kọ́ ọ, irin ti jẹ níbẹ̀ nìyẹn. Písítìnì ṣì dára. Kíráńkì ni kò dára mọ́, irin wíwọ́ ńlá tí gbogbo písítìnì ń tì yí. Ó ti jẹ kọjá àtúnṣe. Bàbá ní kí n fọkàn balẹ̀, àwọn á ra òmíràn bọ̀ láti Ìbàdàn.

Wọ́n sì rà á bọ̀. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n ó ń dán gbinrin. Wọ́n gbé e léjìká wọ inú ọgbà, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn. Àlàájì Ràsáàkì ọ̀rẹ́ wọn tẹ̀lé wọn, ó ń yin ọjà náà bọ̀. Fàtímọ̀ àti àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ náà wá béèrè bóyá lọ́rì á gbé wọn lọ sí Ìgànná lọ́túnla.

"Ẹ lọ di ẹrù yín," Bàbá dá wọn lóhùn, wọ́n nawọ́ sí mi. "Jímọ̀ á tò ó pọ̀."

Mo so kíráńkì náà rọ̀ sára ẹ̀ka máńgòrò. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò nìyẹn. Bí o bá fi sípánà gbá a, èyí tó yè á dún bí agogo ilé ìwé, á sì pẹ́ kó tó dákẹ́. Èyí tó bá ti sán á dún bí ìkòkò tó fọ́. Mo gbá a. Ó dún gbọ̀, ó sì dákẹ́.

Mo tún gbá a. Ohùn kan náà ni.

"Ó dún dáadáa," Àlàájì Ràsáàkì ní, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa irin ju ọkọ́ àti àdá lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n wò ó sí i."

Mo rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, mo nù ún gbẹ, mo lọ ẹfun, mo sì fi kùn ún lára. Bí irin bá sán, kẹrosíìnì tó ti wọnú ibẹ̀ á sun jáde, á fa ìlà sára ẹfun. Gbogbo wa ń wo ẹfun. Àwọn obìnrin náà kò lọ di ẹrù mọ́. Mò ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kí ìlà náà yọ, kí n má bàa fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ẹfun funfun láú. Ìlà kankan kò yọ.

Mo nu ẹfun kúrò, mo tún tẹjú mọ́ ọn. Níbi ọrùn irin náà, dídán rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìyókù. Ó wá yé mi. Wọ́n ti fi iná jó ojú ibẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ti ha á kó lè dán. Awọ ni wọ́n rán, egbò ṣì wà nínú.

"Tò ó," Bàbá ní.

"Bàbá, ẹ má bínú. Kíráńkì yìí ti sán."

"Níbo ló ti sán? Kí ló dé tí ẹfun rẹ kò rí i?"

"Inú ló wà, Bàbá. Wọ́n jó ojú rẹ̀ pọ̀."

"Ìwọ wá ń rí inú irin." Ohùn wọn kò ròkè, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. "Èmi tí mo ti ń wa mọ́tò kí wọ́n tó bí ọ, èmi ni mo lọ ra ìràkurà. Lójú àwọn èèyàn yìí lo ti sọ ọ́."

"N kò sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"O sọ bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá lè tò ó, mẹkáníìkì pọ̀ ní Ṣakí. Ọkọ náà sì pọ̀."

Fàtímọ̀ gbọ́ ọ. Mo rí bó ṣe di etí ìborùn rẹ̀ mú. Kí n má parọ́ fún yín, mo rò ó kí n panu mọ́. Mo ní bóyá á gbé wọn lọ, á sì gbé wọn bọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ òkè tó wà lójú ọ̀nà yẹn, mo sì mọ búréèkì lọ́rì náà. Bí kíráńkì bá dá lójú òkè, ẹ́ńjìnnì á kú, lọ́rì tó kún fún iṣu àti èèyàn á máa fẹ̀yìn rìn bọ̀, ta ni yóò dá a dúró? Inú bí mi. Ó bí mi sí ẹni tó ta irin náà, ó bí mi sí Bàbá, ó bí mi sí ara mi. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní í fi Fàtímọ̀ ra èké.

Mo gbé kíráńkì náà lé orí òkúta méjì, mo sì fa òòlù ńlá yọ. Bó bá dá, ojú ibi tó ti dá ni yóò ṣẹjọ́ wa. Ibi tó bá ti sán tipẹ́ a máa dúdú, ibi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a máa funfun. Bó bá funfun, èmi ni mo ba ẹrù àna mi jẹ́ lójú ayé, kò sì sí alágbàwí tó lè bá mi bẹ̀bẹ̀.

"Jímọ̀, kí lo fẹ́ ṣe?" Àlàájì Ràsáàkì bi mí.

Mo fi gbogbo agbára mi la òòlù mọ́ kíráńkì náà. Ó dá sí méjì.

N kò lè wo ojú ibi tó ti dá. Mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn tó kún fún ọ́ìlì, mo dojú bolẹ̀. Wọn kì í dìde níwájú àna àfi bí àna bá ní kí wọ́n dìde. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà mí kanlẹ̀, n kò mọ̀ bóyá àánú mi ló ṣe é. Mo gbọ́ bàtà Bàbá lórí iyanrìn, ó ń bọ̀, ó dúró síbi orí mi. Mo ní ó ti parí, wọ́n fẹ́ lọ kó ìdána mi dá padà ni.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé ààbọ̀ kíráńkì náà síwájú imú mi. Ojú ibi tó ti dá dúdú kirikiri, kìkì etí rẹ̀ ló funfun, kò nípọn ju èèpo ẹyin lọ.

Wọn kò ní kí n dìde. Àwọn náà jókòó sílẹ̀ sínú ọ́ìlì pẹ̀lú ẹ̀wù tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ kírun, wọ́n ń fi èékánná wọ́ ibi tó dúdú náà.

"Iwájú," wọ́n ní. "Iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo ti ní kí Fàtímọ̀ jókòó sí."