Ọ̀nà Tó Gba Ìlú Ìyá Rẹ̀ Kọjá

Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà, nítorí pé okùn ìwọ̀n télọ̀ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó máa ń gbàgbé rẹ̀ sọ́rùn lọ sí báńkì. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tó gbé e kọ́rùn lọ síbi ìsìnkú, tí àbúrò olóògbé fi bi í pé ta ló ní kó wá wọn òkú.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ọmọbìnrin náà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àtọwọ́dá fún àwọn tí jàǹbá ti gba tiwọn. Nígbà tí ilé ìwòsàn kan lókè òkun kọ̀wé pé kó wá fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn, Téèpù jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ká. Físà ti jáde. Ó ku kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú.

"Bàbá, ẹ bá mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì," ni ọmọ wí. "Ìdánwò ò jẹ́ kí n ráyè. Èyí tó bá yá jù ni kẹ́ ẹ mú. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń retí mi."

"Mo ti gbọ́, Ìyá Kékeré."

Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méje, tó ń bá a fọ abọ́, tó sì ń bá a wí bó bá gbàgbé láti jẹun. Ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ lọ.

Ìyá náà kò kú o. Iṣẹ́ ọdún méjì ló bá lọ sókè òkun, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ọdún méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́wàá, ó ti wá di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ló há sọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀. Bó bá jáde, kò ní lè wọlé mọ́, iṣẹ́ tó fi ń rán ọmọ níléèwé á sì bọ́. Téèpù náà ti tọrọ físà lẹ́ẹ̀mejì kó lè lọ wò ó, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n dá a padà. Bí wọ́n ṣe di tọkọtaya orí fóònù nìyẹn. Bó bá ti di ọjọ́ Àìkú, obìnrin náà á kun pọ́dà, á wé gèlè, á jókòó síwájú fóònù. Wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, Téèpù á jókòó síbẹ̀, á máa wo ògiri bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de nǹkan.

Yàrá kékeré kan lókè ilé ìfọṣọ ni obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ti ń ṣiṣẹ́. Àǹtí Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Òórùn ọṣẹ ń gba àárín pákó ilẹ̀ gòkè wá, àwòrán ayé tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹ kọ̀ǹpútà títí, ó gbójú sókè.

"Ọ̀nà méjì ló wà, bàbá. Èkíní yá. Bí ọmọ yín bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó ti débẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Èkejì, mi ò ní tà á fún ọ̀tá mi. Àárọ̀ ló máa já a sílẹ̀ ní ìlú kan, á jókòó síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ọkọ̀ míì tó gbé e."

"Ìlú wo?"

Ó dárúkọ ìlú náà. Ọwọ́ Téèpù lọ sí okùn ọrùn rẹ̀, ó dì í mú.

"Ṣé èèyàn lè jáde ní ẹ́pọ́ọ̀tì ibẹ̀, kí ẹni tó ń gbé nínú ìlú wá pàdé rẹ̀?"

Àǹtí Tíkẹ́ẹ̀tì yẹ ìwé ìrìnnà ọmọ náà wò. "Físà kan náà ni ibẹ̀ àti ibi tó ń lọ ń lò. Ó lè jáde, kó jẹun, kó padà wọlé. Ta lẹ ní síbẹ̀?"

"Ìyàwó mi."

Obìnrin náà ò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. "Màá dì í mú fún yín dọ̀la," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ o. Òun ló máa jókòó síbẹ̀."

Téèpù bá ọmọ nídìí iná níbi tó ti ń gé àlùbọ́sà. Ó ro gbogbo ẹ̀ fún un.

"Rárá, Bàbá." Ọmọ náà ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Èyí tó yá ni mo ní kẹ́ ẹ mú."

"Ìyá rẹ ni o."

"Mo mọ̀. Mo mọ ohùn wọn. Mo mọ ojú wọn tó kéré bí èékánná nínú fóònù. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ga tó, Bàbá. Mi ò mọ òórùn ara wọn mọ́. Tá a bá wá ríra tán, kí ni kí n sọ? Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta?"

Bàbá ṣa èèpo àlùbọ́sà tó já bọ́ sílẹ̀.

"Mi ò ní fi agídí mú ọ," ló wí. "Ìrìnàjò rẹ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí èmi fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, kí n kàn wò ó fún ìwọ̀n àsìkò téèyàn fi ń so bọ́tìnì, màá lọ. Èmi ni wọn ò gbà láyè. Ìwọ ni wọ́n gbà."

Ó wọ yàrá lọ. Ọmọ náà dúró títí kó gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ bó ṣe máa ń gbọ́ ọ. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gun àtẹ̀gùn ilé ìfọṣọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, tíkẹ́ẹ̀tì tí bàbá mi ní kẹ́ ẹ dì mú, ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà. Ó máa dá ẹ dúró dáadáa o."

"Ṣé kò sí èyí tó tún máa dá mi dúró jù ú lọ?"

Àǹtí Tíkẹ́ẹ̀tì fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹni àkọ́kọ́ tó máa bẹ̀ mí pé kí n dá òun dúró lọ́nà nìyí! Kò sí, ọmọ mi. Èyí ló pẹ́ jù."

Nígbà tí Téèpù sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn, tẹ́nikẹ́ni ò tì í. Lẹ́yìn náà obìnrin náà ní, "Kí ló fẹ́ràn láti jẹ, bàbá ọmọ mi? Èmi ni mo bí i, mi ò mọ̀."

Lọ́jọ́ ìrìnàjò, wọ́n dúró níbi tí àwọn tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì kì í kọjá.

"Kí ni kí n bá yín sọ fún wọn?" ni ọmọ bi í.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Téèpù ti kó jọ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá di àwátì. "Sọ pé mo kí i."

"Ẹ kí wọn? Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìwọ sáà bá mi wò ó dáadáa."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ olùkọ́ kan tó jókòó tì í, nígbà tí fóònù dún. Ojú ọmọ rẹ̀ ló yọ.

"Bàbá, ẹ má pariwo," ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Wọ́n ń sùn."

Ó ṣàlàyé. Ẹni tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kò wá, ìyá sì ṣiṣẹ́ mọ́jú, ló bá ti ibi iṣẹ́ bọ́ sọ́nà ẹ́pọ́ọ̀tì tòun ti aṣọ iṣẹ́. "Ọ̀ọ́kán ni mo ti dá wọn mọ̀, Bàbá. Bí mo ṣe ń rìn ni wọ́n ń rìn. A jẹun. Wọ́n ń di ìka mi mú níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wò wọ́n. Ibi tí wọ́n ti ń bi mí nípa yín ni orí wọn ti bọ́ sí èjìká mi. Ṣé kí n jí wọn? Àsìkò ń lọ."

"Má jí i," ni Téèpù wí.

Ọmọ náà rọra yí fóònù. Téèpù rí i. Kò sí pọ́dà, kò sí gèlè. Ewú ti yọ lẹ́bàá etí, ẹnu là díẹ̀, ọwọ́ kan sì di apá aṣọ ọmọ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹni tó múra ló ń rí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó máa ń jí bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìyí.

"Ó ń hanrun," ló wí.

"Gbogbo èrò ló ń wò wá, Bàbá."

Téèpù rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí aṣọ tó ń ṣẹ́ nu ojú.

"Ṣé kò sí o?" ni olùkọ́ bi í.

"Kò sí nǹkan kan. Ìyàwó mi ló ń sùn."

Olùkọ́ wo fóònù, ó wo ojú rẹ̀. Ó dìde, ó ní òun á padà wá gba aṣọ òun lọ́jọ́ mìíràn, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Téèpù gbé fóònù ti páálí òwú. Kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó jókòó tì í, ó ń wò ó, títí tí wọ́n fi kéde ọkọ̀, tí àwòrán náà mì, tó sì parẹ́.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ pè é láti inú bọ́ọ̀sì.

"Ó ti wọlé. Ó pè mí ní Màámi." Ó fa imú. "Ẹ gbà mí o, mo sùn! Àsìkò tó yẹ kí n fi wo ọmọ mi ni mo fi sùn."

"Òun ló ń wò ọ́. Àwa méjèèjì la jọ ń wò ọ́."

Obìnrin náà tún fa imú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwọ̀yí ìgbà wo lèmi àtẹ̀yin máa ríra?"

Téèpù gbé fóònù mọ́ etí. Kò sì fẹ́ purọ́ fún un. "Má tíì pa fóònù," ló wí.

Kò pa á. Téèpù ń gbọ́ bí bọ́ọ̀sì náà ṣe ń dúró, tí èrò ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń wọlé, tó sì tún ń gbéra. Ó tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ títí obìnrin náà fi délé.