Owó Bàbá Àgbà Nínú Ike

Irọ́ bàbá àgbà wa pọ̀ débi pé tó bá ní òjò ń bọ̀, aṣọ la máa ń sá sóòrùn. Òun ló ní òun gun ẹja kọjá òkun, ẹja náà ló rẹ̀, kò rẹ òun. Ṣùgbọ́n owó fàdákà dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí ọba wà lára rẹ̀. Ó ní ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan ló fi ta òun lọ́rẹ nígbà tí òun yọ ọ́ nínú omi. Ta ló gbà á gbọ́? Ó kú tán, wọ́n ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Àǹtí mi, ọmọ rẹ̀ tó ń ránṣọ, ní òun ò gbà. Ó gbé owó náà lọ bá ọkùnrin tó ń ta owó àtijọ́ ládùúgbò, Onígíláàsì. Gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn débi pé ó lè fi rí èrò ọkàn eèrà.

Ó yí owó síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ayédèrú ni. Ṣùgbọ́n mo lè bá ọ rà á."

"Ẹ̀gbọ́n, ayédèrú lẹ fẹ́ rà? Ṣé ẹ fẹ́ sè é jẹ ni?" Àǹtí já a gbà. "Ilé àyẹ̀wò ni mò ń fi í ránṣẹ́ sí."

Iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò yẹn ni kí wọ́n wọn owó àtijọ́, kí wọ́n sọ bóyá ojúlówó ni, kí wọ́n sì fún un ní máàkì bí ọmọ iléèwé. Àádọ́rin ni òkè pátápátá. Wọ́n á wá tì í mọ́ inú ike gbagidi, kí ọwọ́ má kàn án mọ́.

Mo ní kí n fi eérú fọ̀ ọ́ kó dán kó tó lọ. Àǹtí na abẹ́rẹ́ sí mi: "Dán an wò, kí n rán ìka ẹ mọ́ra! Ẹni tó bá fọ owó àtijọ́ ti ba máàkì rẹ̀ jẹ́."

Oṣù gorí oṣù. Owó dé: ojúlówó, ogójì nínú àádọ́rin! Mo hó débi pé gbogbo adìẹ àdúgbò yé ẹyin méjì méjì. Onígíláàsì sáré dé, àǹtí mi wá di "arábìnrin mi àtàtà" lẹ́nu rẹ̀.

Gbogbo wa ń yọ̀, àfi ìyá àgbà. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ó fọwọ́ pa ike náà títí.

"Kí lèyí?"

"Owó bàbá ni, ìyá. Wọ́n ní ojúlówó ni."

"Ike ni mo dì mú. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ọkọ mi fi eyín tẹ etí owó yẹn lọ́jọ́ tó gbà á, ibẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ìyàwó onírọ́ ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi kàn án, kí ọkàn mi balẹ̀."

"Ẹ má ṣí i o!" Onígíláàsì pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. "Bí ike bá ti fọ́, máàkì ti lọ nìyẹn!"

Àǹtí wo ike, ó wo ìyá rẹ̀. Ó yíjú sí mi, èmi káfíńtà ilé.

"Gbé ayùn ẹ wá."

"Àǹtí, ṣé ẹ rò ó dáadáa?"

"Ṣé torí Onígíláàsì ni mo ṣe ń wá ẹ̀rí kiri ni? Gbé e wá!"

Mo rẹ́ etí ike náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gé èékánná ọmọ tuntun. Onígíláàsì fi fìlà bojú. Ike là, owó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá àgbà.

Ìka rẹ̀ rìn yí etí owó ká. Ó dúró. Ẹ̀rín ló bú sí, ẹ̀rín tó mi àjà.

"Eyín rẹ̀ rèé! Ọkùnrin yìí! Ó sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan láyé ẹ̀, a ò gbà á gbọ́."

"Ẹ ti bà á jẹ́!" Onígíláàsì ń jánu.

"Ilé àyẹ̀wò ò sá lọ, ẹ̀gbọ́n," ni àǹtí fèsì. "Lọ́jọ́ tí ìyá bá yọ̀ǹda rẹ̀, a ó tún fi í ránṣẹ́." Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ìyá àgbà ti pa ọwọ́ dé. Mo bẹ̀ ẹ́ kí n wò ó fìrí, ó gbá mi lọ́wọ́.