Ẹni Tó Ń Ka Ìgò

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ Bàbá Aláago bi ẹ̀jẹ̀. Akunlé tó ń fi ọ̀dà kun ilé ni ọmọ náà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, ọtí sì ti ń gùn ún bí ẹṣin láti ọdún méje. Dókítà ní bí kò bá jáwọ́, èébì ẹ̀jẹ̀ kejì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ ibì kan sórí bébà fún bàbá: àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí máa ń pàdé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, agogo mẹ́rin, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Bàbá wọ yàrá ọmọ rẹ̀ ní agogo mẹ́ta. Òórùn ọtí ló kọ́kọ́ kí i.

"Dìde, ká lọ."

"Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi, Bàámi."

"Màá dì ọ́ mú."

"Wọ́n á máa wò mí."

Ẹja tútù là ń ká, ọmọ yìí sì ti gbẹ. Bàbá kò bá a jà. Ogójì ọdún ló fi tún aago ṣe, kò sì rí aago tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù rí. Ó wọ bàtà, ó dá lọ.

Ilé ìkàwé kò ṣòro láti rí. Yàrá ẹ̀yìn ló ṣòro. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá yí ilé náà po, àgbá omi àti kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ ti jò ló bá níbẹ̀. Ó yẹ kó béèrè, ṣùgbọ́n ẹnu wo ni yóò fi béèrè? Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tọ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpàdé kan ni mò ń wá."

"Ìpàdé wo, bàbá?"

"Èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn."

"Lẹ́yìn kẹ̀? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà lẹ́yìn."

"Agogo mẹ́rin ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀."

Ojú ẹ̀ṣọ́ là. "Ìpàdé àwọn ọlọ́tí! Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ?" Ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kàwé, orí mẹ́ta sì gbéra sókè. "Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn yẹn wọlé. Háà, bàbá! Pẹ̀lú gbogbo ewú orí yìí?"

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn yàrá náà: *Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí nìkan ni kó wọlé.* Ó kà á, ó tún un kà. Ọtí kò kan ẹnu rẹ̀ rí láyé. Ó ṣílẹ̀kùn.

Èèyàn méje ló jókòó yíká. Obìnrin aránṣọ kan ló ń darí wọn. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tó ti mutí kẹ́yìn.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ jókòó. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, à ń gbọ́."

"Mò ń mutí," ni bàbá wí.

"Báwo ni ẹ ṣe ń mu ún?"

Ohun tó mọ̀ ló sọ. "Ìgò kan kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀. Méjì níbi iṣẹ́. Inú garawa ọ̀dà ni mò ń fi í pamọ́ sí. Mẹ́rin nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá sanwó iṣẹ́, mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ Ajé tí mo ti bi ẹ̀jẹ̀, mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀."

Awakọ̀ kan bú sẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ má bínú, bàbá. Akọ̀wé ilé ọtí gan-an ò lè kà á tó báyìí."

Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, gbogbo àwa tí ẹ rí yìí, bí wọ́n bá bi wá léèrè, ìgò méjì la máa ń mu."

"Méjì péré," ni awakọ̀ wí. "Ìgò méjì yẹn ni mo mu tí mo fi ta mọ́tò."

"Ọ̀mùtí kì í kà, bàbá. Ẹni tó ń bá a gbé ló ń kà. Ta ni ẹ ń ka tirẹ̀?"

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọmọ mi. Òun nìkan ló kù fún mi."

"Kí ló dé tí kò wá?"

"Ó ní ẹsẹ̀ òun ò gbé òun." Ó gbé orí sókè. "Ẹ kọ́ mi ní bí ẹ ṣe ń ṣe é. Màá lọ ṣe é fún un."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bó bá ṣeé báni ṣe ni," ni aránṣọ wí, "ìyá mi ì bá ti bá mi ṣe é kó tó kú. Ẹ sọ fún un pé à ń retí rẹ̀."

"Nǹkan míì ńkọ́?"

"Kò sí, bàbá."

Síbẹ̀ ó jókòó títí wọ́n fi parí.

Nígbà tó délé, ọmọ rẹ̀ kọjú sí ògiri.

"Ṣé ẹ lọ?"

"Mo lọ."

"Ẹ bá wọn?"

"Mo bá wọn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n ní kí o wá."

Ohùn ọmọ rọ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàámi. Ara ti fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ tún lọ bá mi ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ìrọ̀rí. Bàbá di ọwọ́ náà mú, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í. Ọwọ́ akunlé le. Ó rọra tú ìka bàbá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tìfẹ́tìfẹ́, ó sì fa ìgò ọtí kan jáde.