Ìṣirò Tí Sakiusa Fi Pa Fídíò

Ó ti pẹ́ tí Sakiusa Rokoveli ti ń kọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan létí òkun ní Levuka, ìlú kan ní erékùṣù Ovalau, kò sì sí ohun tó kórìíra bíi fóònù. Nígbà tí wọ́n kó àwọn tíṣà erékùṣù náà jọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún láti dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìwà ọmọlúàbí lórí ẹ̀rọ ayélujára, ẹ̀yìn pátápátá ló lọ jókòó sí, ó káwọ́ gbera.

Ẹni tó wá dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ tún wá jẹ́ Ateca Vunibola, ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní ìṣirò nígbà tó ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù.

"Ateca," ó ké láti ẹ̀yìn, "ṣé ìwọ ló fẹ́ wá kọ́ mi níwà báyìí?"

Ateca rẹ́rìn-ín. "Màsítà, ta ló bí mi dáa? Ìwà tí ẹ kọ́ wa náà ni mo fẹ́ kí ẹ gbé wọnú fóònù lọ bá àwọn ọmọ."

"Fóònù ò níwà. Iná ló tọ́ sí i."

"Ẹ ó sun tiyín náà mọ́ ọn?" Mereoni, tíṣà bàólọ́jì tó jókòó tì í, ló dá a lóhùn. "Èyí tí ẹ fi ń wo rọ́gbì?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn tíṣà ń jẹ kókò sísè àti adìẹ lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó Sakiusa pè é lórí fóònù.

"Bàbá Emosi, kí lẹ wá ń jó fún nínú ẹrẹ̀?"

"Ijó wo?"

Ìyàwó rẹ̀ fi fídíò náà ránṣẹ́ sí i. Orí rẹ̀ ni lóòótọ́, gíláàsì ojú rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀hún ń jó, ó ń ka ìṣirò ní ohùn Sakiusa gan-an. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ti rí i ní Suva lọ́hùn-ún, ní òdìkejì òkun. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà ti rí i.

Oúnjẹ korò lẹ́nu rẹ̀. Ti ẹlẹ́dẹ̀ náà kọ́ ló dùn ún jù, ti ohùn ni. Ohùn tó fi ń gbàdúrà nílé rẹ̀, òun náà ló fi kí ìyá rẹ̀ pé ó dàárọ̀ kí ìyá tó dákẹ́. Wọ́n ti jí i lọ, wọ́n fi ń ṣeré.

Ó gbéra, ó di kíláàsì Fọ́ọ̀mù Fáìfù tó ń kọ́, torí ó dá a lójú pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Ateca sáré bá a lábẹ́ igi máńgòrò.

"Màsítà, ẹ jọ̀ọ́. Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Màá lé ẹni tó ṣe é kúrò nílé ẹ̀kọ́ yìí lónìí!"

"Ẹ lé e. Àwọn tó ń fi kiri ńkọ́? Ọ̀la la máa dán ìkọ́ni wò nínú kíláàsì. Ẹ gba kíláàsì yẹn, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ wọn."

"Kí n dúró níwájú wọn, èmi ẹlẹ́dẹ̀?"

"Ẹ̀yin tíṣà mi," ni Ateca wí, omi sì ti lé róró sójú rẹ̀.

Sakiusa wò ó títí. Ó ṣẹ́rí padà, kò dé kíláàsì náà.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn tíṣà tò sẹ́yìn kíláàsì Fọ́ọ̀mù Fáìfù láti wò ó. Sakiusa wọlé, ó tan fídíò náà sára ògiri fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín gbẹ.

"N ò bèèrè ẹni tó ṣe é," ó wí. "Ta ló fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn?"

Ọwọ́ kan wá nà láti ẹ̀yìn. Mereoni ni.

"Èmi ni, Màsítà. Mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni, mi ò ronú kàn yín rárá. Ẹ má bínú."

Ó dun Sakiusa wọ egungun, ṣùgbọ́n ó mi orí sí i. Bí ọwọ́ yòókù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í nà nìyẹn, títí tó fi kù díẹ̀ kí gbogbo kíláàsì nà án tán.

Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó fi àmì kan sókè pátákó, mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ìyẹn, títí pátákó fi kún.

"Àmì kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ni, ẹni mẹ́ta ló sì fi ránṣẹ́ sí. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó mi nìyí. Ó dáa, bí ẹni yìí bá ní òun ò fi ránṣẹ́ ńkọ́?" Ó nu àmì kan nítòsí òkè, ó sì nu gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àyè fífẹ̀ ṣí sílẹ̀ lójú pátákó. "Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe èyí. Àwa náà lè jẹ́ ẹni náà."

Ateca ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Lópin ọ̀sẹ̀, ọmọbìnrin Fọ́ọ̀mù Fáìfù kan tó ń jẹ́ Torika bá àwọn òbí rẹ̀ gbé gbòǹgbò yaqona, èyí tí wọ́n ń gún fún mímu, wá sílé Sakiusa láti tọrọ àforíjì, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Òun ló ṣe fídíò náà. Sakiusa gba gbòǹgbò náà, ó pàtẹ́wọ́ lé e láti fi hàn pé ó ti dárí jì í, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn kan láti ìta gbé ayédèrú fọ́tò Unaisi, ọmọ Fọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀, sáyé, fọ́tò tí kò ṣeé wò. Ọ̀dọ̀ Torika ló kọ́kọ́ dé. Torika kò fi ránṣẹ́ síbì kankan. Ó mú fóònù tọ Sakiusa lọ tààrà. Gbogbo ẹlòmíràn tó rí i gbà nílé ẹ̀kọ́ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, fọ́tò náà ti kú ní Levuka.

Nígbà tí ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe níwájú gbogbo wọn, àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, ariwo ayọ̀ gba etí òkun kan. Bàbá Unaisi, apẹja, gbé ẹja kan tó ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ wá sẹ́nu ọ̀nà Fọ́ọ̀mù Fáìfù.

"Ta ni kí n gbé e fún?" ó bèèrè.

"Gbogbo wọn ni," Sakiusa dáhùn, ó ti ń ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. "Ẹ dáná!"